Ó Ti Dí, Ó Ti Dì

Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó nítorí etí ọkọ mi. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún un pé kó lọ ṣàyẹ̀wò rẹ̀. Mo ní kó bá mi ti ilẹ̀kùn, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ mi wá. Alágídí! Ó ní bí ọ̀gá bá fi lè mọ̀, wọ́n á gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ òun kí afárá tí à ń kọ́ sórí odò tó parí, bẹ́ẹ̀ òdìkejì odò ni ọmọ wa kan ṣoṣo ń gbé nílé ọkọ.

Ẹ̀rọ tó ń fa omi ni ọkọ mi ń ṣọ́. Wọ́n ti fi páànù irin yí kòtò ìpìlẹ̀ ká láàárín odò, ẹ̀rọ á máa fa omi inú rẹ̀ jáde káwọn òṣìṣẹ́ lè ríbi dúró. Tí kọnkéré bá ti dì, wọ́n á ké sí i, á pa ẹ̀rọ, omi á sì padà sáyè rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, àna wa, ọkọ ọmọ wa, nìkan ló kù nísàlẹ̀ kòtò, ó ń so irin. Ó rí i pé ewé ti dí ẹnu páìpù, ló bá ké sókè: "Ó ti dí!"

Ọkọ mi gbọ́ "ó ti dì". Ó pa ẹ̀rọ.

Iyanrìn tí mo ń rù fún wọn níbẹ̀ wà lórí mi nígbà tí ariwo ẹ̀rọ dákẹ́. Kọnkéré tí a dà láàárọ̀ yẹn, báwo ló ṣe máa dì? Mo da iyanrìn nù, mo sáré. Omi ti mu àna wa dé àyà, irin ti há bàtà rẹ̀. Ọkọ mi tún tan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń ké lásán, kò fa nǹkan kan. Ọkọ mi, bàbá arúgbó, bẹ́ sínú kòtò, ó mù, mi ò rí i mọ́. Omi ti kan àna wa lágbọ̀n kí ọkọ mi tó fi ọ̀bẹ gé okùn bàtà náà, táwọn òṣìṣẹ́ sì fà wọ́n jáde.

Enjíníà béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Àna wa mọ òótọ́, síbẹ̀ ó ní ẹ̀rọ ló kú fúnra rẹ̀. Ọmọlúàbí ọmọ! Mo tẹ ọkọ mi lẹ́sẹ̀ kó dákẹ́.

"Irọ́ ni, ọ̀gá. Èmi ni mo pa á. Etí mi ò gbọ́ràn dáadáa mọ́, ó ti tó ọdún méjì."

Ó yọ kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ, ó fi lé enjíníà lọ́wọ́. Òpó méjì péré ló kù kí afárá parí. Inú bí mi sí i, àánú rẹ̀ sì ṣe mí.

Enjíníà wá yíjú sí mi. "Ìyá, ṣé ẹ̀yin mọ̀?"

Àna wa ń wò mí, omi ń ro lára rẹ̀. Mo ní mo mọ̀.