Oúnjẹ Ìrékọjá Màmá Hánà

Ọdún mẹ́fà ni Ràfíátù, ọmọ Ìsẹ́yìn, fi tọ́jú Màmá Hánà nínú ilé wọn ní Peckham, ní London. Júù ni Màmá. Ọkọ wọn ti kú, Débórà, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní Manchester pẹ̀lú ìdílé rẹ̀.

Bí Àjọ Ìrékọjá bá ti ku ọ̀sẹ̀ méjì, Màmá á jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, wọn á máa pàṣẹ. Kó gbogbo búrẹ́dì jáde. Fọ kọ́bọ́ọ̀dù. Ọbẹ̀ adìẹ ní alẹ́ àkọ́kọ́, ẹja lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn náà pòtétò àti ẹyin. Ràfíátù kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ojú àti ọwọ́ ló fi kọ́ ọ.

Lọ́dún 2023, àjọ náà bọ́ sínú Ramadan. Màmá ti ń gbàgbé nǹkan nígbà náà. Wọ́n ní èèyàn méje ló máa jẹun, wọ́n ka ọkọ wọn mọ́ ọn. Ràfíátù ò já wọn níyàn. Ó ra káróòtì àti àlùbọ́sà ní Rye Lane, ó lọ àkàrà aláìwú kúnná, ó pò ó mọ́ ẹyin, ó sì ṣù ú róbótó sínú ọbẹ̀.

"Màmá, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Mo ń gbààwẹ̀."

"Iyọ̀ ò tó," ni Màmá wí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́ ọ wò, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n bu iyọ̀ sí i.

Nígbà tó di aago mẹ́rin, Débórà pè. "Ràfíátù, ara ọmọ mi ò yá, a ò ní lè wá. Jọ̀ọ́, bá mi sọ fún Mummy."

"Ẹ bá wọn sọ ọ́ fúnra yín."

"Mi ò lè gbọ́ ẹkún wọn. Màá wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ràfíátù sọ fún Màmá. Wọ́n wá ní, "Bàbá Débórà ńkọ́? Òun náà ò ní wá?"

Àkókò iṣẹ́ Ràfíátù ti tán, àmọ́ kò relé. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó fi èso dàbínù ṣínu, ó kírun, ó wá jókòó ti Màmá. Àwo márùn-ún ló ṣófo níwájú wọn. Iyọ̀ ọbẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbé mì. Màmá mu tiwọn tán.

"Bí ìyá mi ṣe ń sè é nìyí," ni wọ́n wí.

Ràfíátù náà mu tirẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ kẹta, Màmá ṣubú, wọ́n gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Kí ọkọ̀ ojú irin Débórà tó wọ London, Màmá ti jáde láyé.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, lọ́jọ́ Ìrékọjá, Ràfíátù ń dúró de bọ́ọ̀sì lọ sọ́dọ̀ arúgbó mìíràn tó ń tọ́jú ní Surrey Quays nígbà tí fóònù rẹ̀ dún.

"Débórà ni. Mo wà ní ilé ìdáná. Kí ni Mummy máa ń ṣe tí àkàrà ṣíṣù inú ọbẹ̀ wọn kì í fi í túká sínú omi?"

"Ẹ gbé e sínú fíríìjì fún wákàtí kan kí ẹ tó ṣù ú. Kí ẹ sì fi omi tútù ra ọwọ́."

Ẹkún ni Ràfíátù ń gbọ́. "Ó yẹ kí n ti wá," ni Débórà ń wí, "ó yẹ kí n ti wá."

Bọ́ọ̀sì dé, ó kọjá lọ. Òmíràn dé, òun náà kọjá. Ó ṣì di fóònù mọ́tí títí ẹkún náà fi rọlẹ̀.

"Ṣé omi yín ti hó?"

"Ó ti hó."

"Ó dáa. Ẹ dín iná rẹ̀ kù."