Sìmẹ́ǹtì Oṣù Kẹta

Bí ẹ bá bi mí pé irú èèyàn wo ni Bàbá Al-Ameen, màá ní olóòótọ́ ni, màá sì fi kún un pé ẹnu rẹ̀ yá ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ. Pákó àti ìṣó ni mò ń tà ní Joju, ó sì ti ń rà lọ́wọ́ mi láti ìgbà tó ti jẹ́ kafíńtà lásán, tó ń kan òrùlé fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé díẹ̀díẹ̀. Múìdéènì lorúkọ rẹ̀. Nígbà tó di agbaṣẹ́ṣe tó ń gba iṣẹ́ ilé láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ó rán Fàsílátù ìyàwó rẹ̀ wá fi tó mi létí, àfi bíi pé oyè ni wọ́n fi í jẹ. Mo fi í rẹ́rìn-ín, mo sì bá wọn yọ̀.

Iṣẹ́ tó ba ayé rẹ̀ jẹ́, Àǹtí Tóyọ̀sí ló gbé e fún un. Àǹtí ló ni ilé-ìwé kékeré kan ní àdúgbò wa. Ilé tó háyà ló ń lò, onílé sì ti tà á, ó ní kí wọ́n kó jáde kí oṣù kẹjọ tó parí. Àǹtí ní ilẹ̀ sí Itele. Ó fẹ́ kọ́ petẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, kí àwọn ọmọ lè wọ yàrá ìsàlẹ̀ nígbà tí ilé-ìwé bá wọlé ní oṣù kẹsàn-án. Ṣùgbọ́n yàrá ìsàlẹ̀ kò ṣeé wọ̀ láìsí dẹ́kì, ìyẹn àjà onírin àti sìmẹ́ǹtì tó máa bò ó. Ogóje ọmọ ló ní. Bí ilé kò bá ṣe tán, àwọn òbí á kó wọn lọ síbòmíràn, ilé-ìwé tó ti fi ọdún mọ́kànlá tọ́jú á tú ká.

Ẹni tó gbọ́n á ní kí wọ́n jẹ́ káwọn máa wo bí ọjà ṣe ń lọ. Bàbá Al-Ameen ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ Àǹtí, ó dá iye kan, ó ní òun kò ní fi kọ́bọ̀ lé e, àti pé dẹ́kì á ti wà lókè kí oṣù keje tó parí. Ó fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nígbà tó wá ròyìn fún mi, mo bi í bóyá òun ló ń dá iye lé ọjà ní Nàìjíríà.

"Ìyá Onípákó, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Mo ti mọ ohun tí mo máa ṣe."

Ohun tó ṣe ni ohun tí gbogbo wa ń ṣe. Níbí, bí owó bá ti wọlé, a máa ń tètè sọ ọ́ di ẹrù kí iyì rẹ̀ tó dínkù. Èèyàn á kó yanrìn, òkúta àti búlọ́ọ̀kù jọ sórí ilẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, koríko á hù bò ó, kò ní bàjẹ́. Sìmẹ́ǹtì nìkan ni kì í dúró de èèyàn. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi owó lé sìmẹ́ǹtì ní oṣù kẹta, àyà rẹ̀ já, ó ra ọgọ́sàn-án àpò lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo èyí tí dẹ́kì máa gbà, ó tò ó sí yàrá onípáànù kan ní sáìtì, ó sì tì í pa.

Ó yan fanda fún oṣù méjì, nítorí sìmẹ́ǹtì wọ́n sí i lóòótọ́. Ṣùgbọ́n irin náà wọ́n sí i, owó tí ì bá fi ra irin sì ti wà nínú sìmẹ́ǹtì. Irin ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wà nílẹ̀ kí sìmẹ́ǹtì tó ní iṣẹ́ kankan láti ṣe. Bó ṣe di pé ó ń ra irin lẹ́yọ lẹ́yọ nìyẹn. Ó ta ọkọ̀ rẹ̀, ó ra díẹ̀. Fàsílátù ta fìríìsà tó fi ń ta omi tútù, wọ́n ra díẹ̀ sí i. Oṣù kẹfà dé, òjò ń rọ̀ lójoojúmọ́, ilẹ̀ yàrá yẹn sì ń mu omi. Ọ̀rá ló tẹ́ sábẹ́ sìmẹ́ǹtì. Kafíńtà ni o. Pákó mẹ́jọ péré ni ì bá rà lọ́wọ́ mi láti fi gbé àwọn àpò yẹn kúrò nílẹ̀, ó ní òun ń ṣọ́ owó ná. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́, inú ṣì ń bí mi dòní.

Nígbà tó kù ọjọ́ mẹ́wàá kí oṣù keje parí, irin pé. Òun fúnra rẹ̀ ló kan pákó tí wọ́n máa da dẹ́kì lé, ó fi ọparun gbé e ró, wọ́n so irin sórí rẹ̀. Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n máa dà á. Ní ọjọ́ Ajé, mo gbé ìṣó tó kù lọ fún wọn, ojú mi ló sì ṣe nígbà tí wọ́n ṣí yàrá sìmẹ́ǹtì. Ṣàkírù, olórí àwọn bíríkìlà rẹ̀, fa àpò kan, àpò náà gan pa sí i lọ́wọ́. Ó fa òmíràn. Wọ́n tú gbogbo rẹ̀ síta. Mọ́kànlélógójì ló dára, ìyókù ti dì.

Bàbá Al-Ameen jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

"Ọ̀gá, ká fọ́ ọ, ká jọ̀ ọ́," Ṣàkírù sọ. "Wọ́n ń ṣe é káàkiri."

Wọ́n fi igi fọ́ ọ, wọ́n sì fi ajọ̀ jọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná. Bí ẹ bá rí i lójú, ẹ ò ní mọ̀ pé ó ti kú. Bàbá Al-Ameen ní kí Ṣàkírù po díẹ̀ nínú rẹ̀ àti díẹ̀ nínú èyí tó dára, kó dà wọ́n sínú agolo mílíìkì méjì. Kí ọjọ́ tí wọ́n máa wò ó tó pé, ó lọ bá gbogbo àwọn tó ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ṣàngó Toll Gate pé kí wọ́n bá òun gbé e láwìn, ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀, ó dé ọ̀dọ̀ lèmọ́ọ̀mù rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un. Èmi náà ò ní i.

Lọ́jọ́bọ̀, ó gé agolo méjèèjì. Èyí tó dára le koko. Ó mú èkejì lọ́wọ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì fọ́ bí àkàrà àná. Ó sunkún lójú mi, èmi náà sunkún.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ó bẹ̀ mí kí n sin òun lọ sọ́dọ̀ Àǹtí Tóyọ̀sí. A bá a níbi tó ti ń di ìwé àwọn ọmọ sínú páálí. Bàbá Al-Ameen sọ gbogbo rẹ̀, kò fi ohunkóhun pamọ́. Ó ní kí Àǹtí fún òun ní oṣù méjì péré.

Àǹtí gbé páálí náà sílẹ̀. Ó wá bi í pé, "Àwọn tí wọ́n ń jọ̀ ọ́ káàkiri, ṣé ilé wọn wó ni?"

"Òmíràn wó, Àǹtí. Òmíràn ò tíì wó."

"Ẹ dà á lọ́la bí ẹ ṣe sọ."

"Àwọn ọmọ ló máa jókòó sábẹ́ ẹ̀."

"Tí wọn ò bá wá ríbi jókòó rárá ńkọ́?" Àǹtí nawọ́ sí páálí náà. "Bàbá Al-Ameen, wọ́n máa lé mi síta lóṣù tó ń bọ̀. Mi ò níṣẹ́ míì. Tí ẹ ò bá ní dà á, màá pe ẹni tó máa dà á."

Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti gbé fóònù, ó ń pe Ṣàkírù. Mi ò lè bínú sí i. Ẹni tó ń rì sómi, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà ló máa dì mú.

Nígbà tí a dé sáìtì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń po sìmẹ́ǹtì ti ń dún, nǹkan bí ogún lébúrà sì ti bọ́ra sílẹ̀. Bàbá Al-Ameen bẹ Ṣàkírù pé kó má ṣe é.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú," Ṣàkírù dáhùn, kò sì wo ojú rẹ̀. "Èmi náà lọ́mọ nílé."

Bàbá Al-Ameen ò bá a jà. Ó yọ òòlù rẹ̀ nínú àpò, ó wọ abẹ́ dẹ́kì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àwọn ọparun dànù níkọ̀ọ̀kan. Owó rẹ̀ ló fi ra pákó àti ọparun, ọwọ́ rẹ̀ ló fi kàn án, kò sì sẹ́ni tó lè da dẹ́kì sórí afẹ́fẹ́. Pákó àkọ́kọ́ já lulẹ̀, irin tẹ̀ lé e, gbogbo ohun tí wọ́n fi fìríìsà àti ọkọ̀ rà ká kò bí òkùn. Àwọn lébúrà sá síta. Wọ́n ní wèrè ti mú un. Èmi náà dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jáde kó má kú síbẹ̀.

Àǹtí Tóyọ̀sí dé nígbà tí ìdajì rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Kò pariwo. Ó jókòó sórí òkìtì yanrìn, ó ní, "Bàbá Al-Ameen, ẹ ti pa mí."

"Mo mọ̀, Àǹtí," ó dáhùn, ó sì gbá ọparun tó kàn.

Ilé-ìwé náà kò wọlé mọ́. Àwọn ọmọ tú ká sí ilé-ìwé mẹ́rin, márùn-ún, Àǹtí sì ń ṣe tíṣà lábẹ́ ẹlòmíràn báyìí. Kò sẹ́ni tó tún gbé iṣẹ́ ilé fún Bàbá Al-Ameen. Òrùlé ló padà sí, tó bá rí i. Mo máa ń rí àwọn ọmọ yẹn tí wọ́n ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ta ló máa ń dúpẹ́ ohun tí kò ṣẹlẹ̀? Bí òun àti Àǹtí bá pàdé lọ́nà, á dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, bẹ́ẹ̀ ó ju Àǹtí lọ lọ́jọ́ orí. Àǹtí á yà á kọjá.