Kásìkì Funfun Émilienne

Àbídéènì kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa yin Émilienne níṣojú òun. Bí wọ́n bá sì yìn ín lẹ́yìn rẹ̀, tó wá padà gbọ́, ìyẹn tún burú jù.

Ọmọ Ṣakété ni Àbídéènì. Ó ti lé lógójì ọdún, ó sì ti ṣe tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí kó tó wá sí Kùtọnu. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí, ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ pé irú rẹ̀ wà. Àwọn olùwádìí máa ń lọ sí abúlé, wọ́n á gba ohùn àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò sílẹ̀ ní Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwọn níbẹ̀. Àbídéènì á wá jókòó ti kọ̀ǹpútà, á máa gbọ́ ohùn náà, á máa kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà á sọ ọ́ di Faransé. Òkè ilé alájà kan ní Jonquet ni ọ́fíìsì wọn wà. Ilé ọtí ló wà nísàlẹ̀, bó bá sì ti di ọ̀sán, àwọn onílé ọtí á bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀rọ ìlù wọn wò, fèrèsé òkè á máa gbọ̀n rìrì.

Òun ló kọ́ Émilienne níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni ọmọbìnrin náà, ó wá láti ìdílé Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Bùràsílì padà wálé. Ìyá ìyá rẹ̀, tó jẹ́ ará Pobè, ló fi Nàgó tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Oṣù méjì gbáko ni Àbídéènì fi jókòó tì í. Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn náà tí Madamu Ràhámátù, ọ̀gá wọn, fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Ohùn ti Kétu yìí le díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lọ sọ́dọ̀ Émilienne."

Ọ̀rọ̀ náà gún Àbídéènì lọ́kàn bí abẹ́rẹ́. Òun tí wọ́n fi Nàgó bí, tí wọ́n fi Nàgó nà, tó fi Nàgó gba ìyàwó! Ṣé ẹni tó ń jẹ́ Émilienne ló máa wá fi Nàgó ṣáájú òun?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọmọbìnrin náà kó lè mọ ohun tó fi ju òun lọ. Ohun kan ṣoṣo ló rí: kásìkì tó ń dé sórí fi gbọ́ ohùn. Ẹ̀gbọ́n Émilienne tó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté ló rà á fún un. Funfun báláú ni, kò ní okùn, ó sì bo etí méjèèjì dáadáa. Bí ilé ọtí bá ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, Émilienne á dé e sórí, ojú rẹ̀ á sì rọ̀ bí ẹni tó wọ inú yàrá tó tilẹ̀kùn. Ní ti Àbídéènì, okùn etí tó bá fóònù rẹ̀ wá ló ń lò. Apá kan ti kú, ó sì gbọ́dọ̀ fi ìka tẹ apá kejì mọ́ etí kó tó lè gbọ́ nǹkan kan.

"Kò mọ̀ ọ́n jù mí lọ," ló máa ń sọ nínú ara rẹ̀. "Kásìkì ni."

Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó sọ fún Sàídátù ìyàwó rẹ̀ pé òun fẹ́ ra kásìkì.

"Kásìkì kẹ̀?" ni Sàídátù wí. "Bàbá Ṣẹ̀ríìfù, èyí tẹ́ ẹ fi ń gun alùpùpù ńkọ́? Àbí orí yín ti di méjì?"

"Kásìkì etí ni mò ń sọ."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Irú ti Émilienne."

Àbídéènì ò tíì mọ̀ pé òun ti dárúkọ Émilienne nínú ilé tó bẹ́ẹ̀. Sàídátù rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní ìsọ̀ kan wà lẹ́bàá ibi tí òun ti ń tajà ní ọjà Missèbo, pé kó béèrè Múrítàlá níbẹ̀, ọmọ náà kì í tan èèyàn.

Ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún sefa ló mú dání lọ́jọ́ Sátidé. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì. Bó ṣe wọ ìsọ̀ náà ló nàka sí ọ̀kan tó funfun lókè.

"Ẹ gbé ìyẹn fún mi."

Múrítàlá, géńdé tó rọra ń sọ̀rọ̀, kò dìde. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ fi gbọ́?"

"Ọ̀rọ̀. Ohùn èèyàn."

"Ẹ ò fẹ́ fi gbọ́ orin?"

"Iṣẹ́ ni mo fẹ́ fi ṣe."

"Ẹ ní ohùn kankan nínú fóònù yín tẹ́ ẹ mọ̀ dáadáa? Ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi dán an wò."

Àbídéènì ní ọ̀kan: ìyá arúgbó kan ní Pobè tó ń sọ̀rọ̀ nípa oko ọ̀pẹ. Múrítàlá wá gbé èyí tó funfun fún un. Inú Àbídéènì dùn bó ṣe dé e sórí, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rí ara rẹ̀ bí ọ̀gá. Àmọ́ bí ìyá náà ti la ẹnu, ohùn rẹ̀ kùn wùù, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò omi.

"Ayédèrú lèyí," ni Múrítàlá wí, kò tiẹ̀ fi pa mọ́. "Ìlù ló mọ̀ ọ́n gbé jáde. Ojúlówó rẹ̀ wà níbí, ṣùgbọ́n ó tó ìlọ́po méjì owó yín."

Ó wá fa òmíràn yọ lábẹ́ káńtà. Dúdú ni, kò ní iná, ó ní okùn gígùn tó ṣeé yọ, kò sì sí nǹkan tó fani mọ́ra lára rẹ̀. Àbídéènì yínmú. Kí ni Émilienne máa sọ bó bá rí i pẹ̀lú okùn? Síbẹ̀, ó dé e. Ìyá náà mí. Ó gbọ́ èémí rẹ̀. Ó gbọ́ àkùkọ kan lọ́nà jíjìn, ó gbọ́ bí ìyá náà ṣe fa àga sún mọ́ iwájú. Ariwo ọjà ti lọ pátá.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ títí Múrítàlá fi fọwọ́ kàn án léjìká. Ó tún wo èyí tó funfun lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wò ó pẹ́, ó sì san owó èyí tó dúdú.

Bí ó ti dé ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ ló kọ́kọ́ ṣí. Ó ní kí Madamu Ràhámátù jẹ́ kí òun bá wọn yẹ iṣẹ́ Émilienne wò, pé ojú méjì sàn ju ojú kan lọ. Madamu ní kò burú. Odidi ọjọ́ méjì ni Àbídéènì fi ń wá àṣìṣe, bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Àmì kan ṣoṣo ló rí, tó yẹ kó wà lókè tó wà nísàlẹ̀. Inú bí i.

Ní ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń wá inú àpótí ìwé inú kọ̀ǹpútà, ó rí iṣẹ́ ìyá arúgbó Pobè, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ lọ́dún tó kọjá. Méjì ni. Ọ̀kan jẹ́ tirẹ̀. Èkejì jẹ́ tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe, orúkọ Émilienne sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ gbóná. Ó dé kásìkì rẹ̀, ó múra àtifi hàn pé irọ́ lọmọ náà kọ.

Ibi tí òun ti kọ "Owó mi ò tó o mọ́," Émilienne ti sọ ọ́ di "Ọwọ́ mi ò tó o mọ́." Àbídéènì tẹ̀ ẹ́, ó gbọ́. Ó tún un gbọ́. Ọwọ́ ni. Àwọn ọmọ ìyá náà ti ta ilẹ̀, oko ọ̀pẹ rẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o mọ́. Òun ti sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ owó. Nínú ojú ìwé kan ṣoṣo, ibi mọ́kànlá ló rí bẹ́ẹ̀.

Ó yọ kásìkì, ó lọ bá a nídìí tábìlì rẹ̀.

"Ta ló rán ẹ sí iṣẹ́ mi?"

Émilienne dìde, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Kò sẹ́ni tó rán mi. Tí ẹ bá lọ kírun ọ̀sán ni mo máa ń wò ó."

"Madamu mọ̀?"

"Rárá o."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́. Ẹnu mi ò gbà á. Mo sì mọ̀ pé ariwo ìsàlẹ̀ yìí ni, pẹ̀lú okùn etí yín yẹn."

Émilienne rí kásìkì lọ́wọ́ Àbídéènì, ó béèrè bóyá òun lè dán an wò. Ó dé e, ó tẹ ohùn Kétu tó ń ṣe lọ́wọ́, ó sì la ojú.

"Háà! Ẹ̀gbọ́n, tiyín mọ́ ju tèmi lọ! Tèmi máa ń kùn. Ibo lẹ ti rà á?"

Inú Àbídéènì dùn. Kó má parọ́, ó dùn gan-an, ó rẹ́rìn-ín padà sídìí tábìlì rẹ̀. Ìgbà tó jókòó tán ló yé e. Kásìkì tó ń kùn ni ọmọ náà fi gbọ́ ohun tí òun ò gbọ́. Etí rẹ̀ ni. Kò sí ìsọ̀ kankan ní Missèbo tí wọ́n ti ń ta ìyẹn.

Ìlara náà ò lọ lọ́jọ́ yẹn. Ó kàn kúrò lára kásìkì, ó lọ jókòó síbòmíràn. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, Àbídéènì kì í fi iṣẹ́ ránṣẹ́ mọ́ láìjẹ́ pé ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, á sì gbé e lọ fún Émilienne fúnra rẹ̀ pé, "Bá mi wò ó." Á dúró lẹ́yìn rẹ̀, á máa ka ibi tó bá fọwọ́ kàn. Mẹ́fà ni lóṣù àkọ́kọ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó ku méjì.

Lópin ọdún, Madamu fi Émilienne ṣe olórí àwọn tó ń kọ Nàgó. Àbídéènì ló kọ́kọ́ kí i. Ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní, "O káre." Nígbà tó délé, Sàídátù bi í bí iṣẹ́ ṣe lọ. Ó ní, "Ó lọ dáadáa," kò sì jẹun púpọ̀.