Ilẹ̀kùn Mẹ́rìnlá Akínbọ̀wálé

Ọjọ́ márùn-ún ni òkú ẹ̀gbọ́n wa Akínbọ̀wálé, ayàwòrán, fi wà nínú yàrá rẹ̀ ní Ṣógúnlé kí ẹnikẹ́ni tó kan ilẹ̀kùn. Ọdún Àjíǹde ni. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbélé ní ó ti lọ ṣọdún ní Ìlá. Àwọn ará Ìlá ní Èkó ló ti ń ṣọdún. Wọ́n ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ilé wo? Ẹni tó fi ogún ọdún ya ilé fún wa, kò sílé kan tó béèrè rẹ̀.

Bí wọ́n bá wó ilé, á lọ ṣa ilẹ̀kùn tí wọ́n jù nù. Á wá máa bi àwọn ayálégbé léèrè: "Báwo ni ilẹ̀kùn ilé bàbá yín ṣe rí?" Ohun tí oníkálukú bá sọ ni yóò kùn sára pákó. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀, tó ti kúrò ní Ìjẹ̀bú-Igbó láti kékeré, wá wo tirẹ̀. Ó dúró síwájú rẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò dáhùn, ó bú sẹ́kún. Akínbọ̀wálé jókòó tì í.

Ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá bẹ́ẹ̀ ni Gbọ̀ngàn Ojúlówó, ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan, wá kó lọ sí Erékùṣù Èkó. Wọ́n pe àfihàn náà ní "Ilé". Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, ẹni tó ṣiṣẹ́ gan-an wọ ṣòkòtò tí ọ̀dà ti ta sí lọ síbẹ̀.

"Bàbá, invitation yín dà?" ni ẹ̀ṣọ́ bi í. "Ẹ bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, àwọn guest ló ń wọlé."

Ó padà sí Ṣógúnlé. Kí ni wọ́n kọ sára káàdì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ rẹ̀? "Oníṣẹ́ ọnà àdúgbò, Oṣòdì." Ṣé àdúgbò ló di búrọ́ọ̀ṣì mú ni? Ẹ mọ ojúlé tí ẹ ti lọ kó ẹrù, ẹ ò wá mọ orúkọ ẹni tó gbé e lé yín lọ́wọ́?

Mo pe Gbọ̀ngàn náà lẹ́yìn ìsìnkú pé kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀. Obìnrin tó gbé fóònù ní, "Ma, kí family wọn kọ letter wá. A ò kàn lè máa yí káàdì padà báyẹn."

Èmi Àjíbíkẹ́ náà jẹ̀bi. Ní Ìlá, ilé wa àti tiwọn fara kanra ni. Ó pè mí ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ọdún. Mo wo fóònù, mo ní màá pè é padà, n kò pè é. Nígbà tí a wọ yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn kẹẹ̀ẹ́dógún fara ti ògiri, tilé bàbá tirẹ̀, kò tíì kùn ún. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sí i pé: "Kí n bi Àjíbíkẹ́, ọ̀dà wo ló wà lára rẹ̀?"

Ẹ̀yin alákòóso Gbọ̀ngàn Ojúlówó, ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n fi àdúgbò rọ́pò èèyàn? Ẹ kọ orúkọ Akínbọ̀wálé sára ilẹ̀kùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá, kí ẹ sì ṣí ilé fún àwọn ayálégbé Ṣógúnlé láti wá wo ilé bàbá wọn. Ẹ dá wa lóhùn ní gbangba, kì í ṣe lórí fóònù.

Ìdáhùn tó kù sí mi lọ́rùn rèé, bó tilẹ̀ ti pẹ́ jù: búlúù ni, ẹ̀gbọ́n. Búlúù ni ilẹ̀kùn ilé yín.