Wáìnì Àdàpọ̀ Níwájú Àna

Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Òǹdó, tí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìjọba ní láti wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi rí ọkọ ní Ẹ̀fọ̀n. Bàbá ọkọ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì ti gbé òkè òkun rí. Ẹ̀gbọ́n mi, tí í ṣe tíṣà ní Ẹrìjìyàn, ní kí n gba ẹnu ìdílé sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ mọ̀mínmọ̀ọ́, nítorí pé ohùn mi ròkè. Kì í ṣe nítorí ìwé: Píráímárì Fáìfù ni èmi àti ìwé ti dágbére fún ara wa.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó pè mí sẹ́yìn ilé.

"Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, ṣáà sọ pé ó dùn. Ọmọ yìí fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Má fi ẹnu rẹ tú u ká."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnu mi ni ẹ fẹ́ lò àbí tiyín?"

"Mo bẹ̀ ọ́ ni o!"

Ìgò ni bàbá ọkọ gbé wá. Ó ní wáìnì funfun ni. Funfun ibo? Ẹmu tí mò ń mu funfun bí omi ògì. Èyí pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò àgbo. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó ń mì í yípo, ó ti imú bọ̀ ọ́. Mo rò pé oyin tó kú sínú rẹ̀ ló ń wá. Mo bá a yọjú wò ó.

"Àna, oríṣi àjàrà mẹ́ta ni wọ́n dà pọ̀ síbí," ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín.

Wọ́n dà á pọ̀! Lọ́dọ̀ wa, ẹlẹ́mu tó bá da tàná mọ́ tòní kò jẹ́ gbé e fún ọ̀tá rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí àna. Àbùlà ni. Bí mo bá gbà á, mo gba ìwọ̀sí. Bí mo bá kọ̀ ọ́, ọmọ wa lè máà relé ọkọ. Ẹsẹ̀ mi kan tilẹ̀ ti kọjú sí ẹnu ọ̀nà láìsọ fún mi. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kò bá a lọ.

"Ẹni tó gbé e wá ni yóò kọ́kọ́ mu," ni mo wí.

Bàbá ọkọ mu ún. Mo ń wò ó bóyá yóò ṣubú. Kò ṣubú. Mo mu tèmi. Ó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́!

"Ó dùn púpọ̀, sà!" Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ ọ́ kí ife rẹ̀ tó kan ètè.

"Kò dùn. Ó kan," ni mo wí. "Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló bàjẹ́ tí ẹ fi ìyókù bò ó?"

Ọmọ wa ń wò mí láti ẹnu ilẹ̀kùn. Bàbá ọkọ gbé ife kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Kò sí èyí tó bàjẹ́. Wọn kò fẹ́ ṣúgà nínú rẹ̀ ni. Ọ̀kan ló ń kan, èkejì ló ń kún ẹnu, òórùn ni ti ẹ̀kẹta. Ẹ tún un mu, ẹ má tètè gbé e mì."

Mo dá a dúró lẹ́nu. Ọsàn wẹ́wẹ́ kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀, ohun kan tó kún. Lẹ́yìn èyí, òórùn bíi ti òdòdó ọsàn. Bí iṣu tuntun bá ṣì lómi, ìyàwó mi a máa ju ògbólógbòó iṣu mọ́ ọn nínú odó. N kò pe iyán rẹ̀ ní àbùlà rí, àfi tí mo bá fẹ́ fi ebi sùn.

"Ó yé mi," ni mo wí. "Kì í ṣe àbùlà, mo kó ọ̀rọ̀ mi yẹn jẹ. Ṣùgbọ́n ó kan, àna. N kò ní pè é ní dídùn torí pé a fẹ́ fún yín lọ́mọ. Ọmọ wa náà kì í pe ohun tó kan ní dídùn."

Ó yíjú sí ẹnu ilẹ̀kùn. "Ṣé òótọ́ ni, ìyàwó wa?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. "Òótọ́ ni, sà. Èyí tí ẹ fún mi ní Ẹ̀fọ̀n, ojú fèrèsé ni mo dà á gbà."

Ẹ̀gbọ́n mi bo ojú. Bàbá ọkọ bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ìyàwó ló pe ọmọ wa, a kò sì tíì fi ọmọ fún un. Mo na ife mi sí i pé kó tún bu díẹ̀ sí i, mo sì sọ fún un pé kò tíì dùn.