Ẹrẹ̀ Gbígbẹ Orí Àpáta Goro

Mo rántí ìgbà tí mo jẹ́ ògbufọ̀ fún òyìnbó obìnrin kan ní agbègbè Tchaourou, nígbà tí Faransé ṣì ń ṣèjọba lórí wa. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mo gbọ́ Faransé o. Mo dé kíláàsì kẹta. Kíláàsì kẹta ni kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ṣùgbọ́n "voilà" mi, ìyẹn "òun nìyẹn" lédè wọn, dán mọ́rán, débi pé Mùsé Voilà ni wọ́n ń pè mí.

Iṣẹ́ Màdámù yìí ṣe mí ní kàyéfì. Láàárọ̀, a ó gun àpáta ńlá ẹ̀yìn abúlé Goro, á máa fi ṣíbí ha ẹrẹ̀ gbígbẹ nínú àwọn kòtò tí òjò máa ń kún. Lọ́sàn-án, á fi ẹrẹ̀ náà sábẹ́ dígí tó ń sọ ohun kékeré di ńlá, á wá mú ọ̀dà, á ya kòkòrò pupa kan tó gùn bí èèyàn, tó dùbúlẹ̀ síbi tí kò sí igi, tí kò sí koríko. Mo bi í pé ibo nìyẹn. Ó ní òṣùpá ni. Wọ́n ti ju irin kan sójú ọ̀run lásìkò yẹn, ó ń yí ayé po; Màdámù fẹ́ mọ ohun abẹ̀mí tí àìsí omi kò ní pa bó bá bá irin bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kòkòrò inú ẹrẹ̀ wa máa ń gbẹ bí ẹran gbígbẹ, bí omi bá kàn án, á jí. Mo ní "voilà". Mo rò pé Faransé rẹ̀ ni kò yé mi.

Ẹnu mi kò gbélé, mo fọ́nnu lọ́jà pé ọ̀gá mi ń jí òkú. Ọ̀rọ̀ dé etí Lèmọ́mù, bàbá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya. Ó ránṣẹ́ pè wá.

"Ta ló ń jí òkú lẹ́yìn Ọlọ́run?"

"Bàbá, kòkòrò kékeré ni."

"Òkú ni òkú. Bó bá jẹ́ irọ́, n kò ní fọmọ fún òpùrọ́. Bó bá jẹ́ òótọ́, ẹ ó ṣàlàyé."

Màdámù da ẹrẹ̀ sínú abọ́ funfun. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló da omi sí i láti inú búta àlùwàlá rẹ̀. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ń wò. Kò sí nǹkan kan.

Bàbá àgbà kan ní, "Ẹrẹ̀ gbígbẹ ti di ẹrẹ̀ tútù. A dúpẹ́, Mùsé Voilà."

Wọ́n pèrun Alásàrí. Lèmọ́mù ní kí ọmọ rẹ̀ máa lé adìyẹ kúrò nídìí abọ́, àwa ọkùnrin lọ kírun, Màdámù sì lọ jókòó lókèèrè. Iwájú orí mi wà nílẹ̀, ọkàn mi wà nínú abọ́. Wáàsí sì gùn lọ́jọ́ náà! Nígbà tí a padà, àwọn nǹkan pupa ń ta kéléké nínú omi bíi tanwíjí.

"Ta ló dà á síbẹ̀?" Bàbá àgbà ń wò mí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni mo ti kírun. Ẹ̀rí Màdámù kò kà, òun ló lọjà.

Ọmọ Lèmọ́mù ní, "Kò sẹ́ni tó da nǹkan kan síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ wú bíi gàrí tó mumi. Ó wá yíra. Ó tún dúró, bíi pé ó ń rántí ibi tó wà."

Bàbá àgbà ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ ọmọdébìnrin la ó gbà?"

Lèmọ́mù ní, "Èmi ni mo fi í ṣọ́ abọ́. Bí mo bá gbà á gbọ́ lórí adìyẹ, màá gbà á gbọ́ lórí kòkòrò." Ó kọjú sí mi. "Bi ọ̀gá rẹ: ṣé ó kú ni, àbí ó sùn?"

Màdámù ní òun kò mọ̀.

Lèmọ́mù rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí kò mọ̀ kò lè máa jí òkú. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Màdámù jókòó ti ọmọbìnrin náà, ó ní kó tún un sọ, ó ń yà á, pàápàá ibi tí kòkòrò náà ti dúró. Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ọmọbìnrin náà nìkan ló rí i, òun la wá ń bi.

Màdámù padà sílé kí òmìnira tó dé. Èèyàn ti dé òṣùpá. N kò gbọ́ bóyá wọ́n mú kòkòrò wa dání. Ọmọ Lèmọ́mù ti di ìyá àgbà nílé mi. Ó ní kòkòrò náà sùn ni. Èmi ní ó kú. Nígbà èwe, àríyànjiyàn lásán ni. Àwa méjèèjì ti wá dàgbà débi tí a fẹ́ mọ̀ ọ́n ní tòótọ́.