Ọ̀dà Abẹ́ Nọ́ọ̀tì

Ogójì ọdún ni Sànúsí ti fi ń tún iná ọkọ̀ ṣe ní Old Garage, l'Óṣogbo. Ọkọ̀ tí mẹkáníìkì bá tú títí tí kò jí, òun ni wọ́n ń fà á wá bá. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ kìlọ̀ ohun kan fún un: "Kí o tó fọwọ́ kan wáyà, béèrè ohun tí wọ́n ṣe sí ọkọ̀ gbẹ̀yìn." Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá ti mọ́ni lára tán, ẹnu a máa wúwo láti béèrè.

Bàbá Nehemiah, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì n'Íléṣà, ní ọkọ̀ kan tó dàgbà ju àbíkẹ́yìn rẹ̀ lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń fi gbé Julianah ìyàwó rẹ̀ wá sí ọsibítù l'Óṣogbo, kí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, nítorí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Àfi bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Sànúsí yẹ̀ ẹ́ wò. Módù ló jó, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí ń fún púlọ́ọ̀gì níná. Ó fi òmíràn sí i. Kò pé oṣù kan, ìyẹn náà jó.

"Tòkunbọ̀ tí ẹ rà ni, Bàbá. Ẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà, ẹ kì í ra tuntun!"

"Ìwọ lo bá mi rà á, Sànúsí!"

Julianah rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀. "Ẹ má jà. Ẹ sáà jẹ́ kí n débẹ̀."

Wọ́n ra tuntun. Tuntun náà jó, lójú ọ̀nà, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò ń rọ̀. Kí wọ́n tó rí ẹni gbé wọn, èémí Julianah ti ń já. Ilẹ̀ Ọjọ́ Ẹtì kò mọ́ bá a.

Oṣù kan lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá ní kí wọ́n fa ọkọ̀ náà wá. Sànúsí kí i kú ọ̀rọ̀ èèyàn. Kò mú irinṣẹ́ kankan; ó jókòó tì í.

"Bàbá, kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ yìí kẹ́yìn kí módù tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn kùn ún ni. Julianah ní ó ti dógùn-ún, pé òun fẹ́ máa wọ ọkọ̀ tó ń dán dé ọsibítù, kí àwọn nọ́ọ̀sì má baà káàánú òun. Mo ní kí wọ́n kùn ún tinú tẹ̀yìn."

Sànúsí ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó tú nọ́ọ̀tì tó de wáyà mọ́ ara ọkọ̀. Abẹ́ rẹ̀ búlúù báláú. Ọ̀dà ló wà láàárín wáyà àti irin, iná kò rí ọ̀nà padà, módù ló wá ń jìyà rẹ̀. Módù mẹ́ta, lórí ohun tí sáńpépà ẹyọ kan ì bá parí!

Ó ha á títí irin fi dán, ó fi módù mìíràn sí i. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Bàbá yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ jí.

"Kí ló ṣe é?"

Sànúsí wo ọ̀dà tó kù sí ìka rẹ̀. Ó nù ún mọ́ ṣòkòtò.

"Èmi ni mo ṣe é, Bàbá. Ó yẹ kí n ti bi yín ní ìbéèrè yẹn láti ọjọ́ kìíní."

Bàbá pa ọkọ̀.

"Jẹ́ kó sinmi. Òní Ọjọ́bọ̀ náà ni, ṣùgbọ́n kò síbi tí mò ń kánjú lọ mọ́."